Yunifásítì wo ló lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Lọ́dọọdún, bí ìdíje NCAA, àjọ tí ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù Kẹta, àríyànjiyàn kan náà ni ó máa ń gbòde láàárín àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, yálà wọ́n ń gbé ní Houston tàbí Chicago, tàbí wọ́n wà ní Surulere níbi tí àṣekágbá ti máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago méjì òru. Àwọn ìbéèrè tí ó máa ń jẹ yọ jù ni a kó jọ síhìn-ín. Iye ife ẹ̀yẹ tí a kà dúró sí òpin ìdíje ọdún 2025, ti àwọn ọkùnrin ni a sì ń sọ, àyàfi níbi tí a bá ti dárúkọ àwọn obìnrin.

Àwọn yunifásítì wo ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọ̀gá?

Yunifásítì tí ó ń kópa ní ìpele tí ó ga jù lọ nínú NCAA lé ní 360, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́fà ni tọmọdé tàgbà sábà máa ń kọ́kọ́ dá: Kentucky, Kansas, North Carolina, Duke, UCLA àti Indiana. UConn ti ń kan ilẹ̀kùn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Villanova, Michigan State, Louisville, Florida àti Arizona. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa pe àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn ní "blue bloods", bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìdílé ọba. Kò sí àjọ kankan tí ó fi wọ́n jẹ oyè náà. Àwọn òǹwòran àti àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, ìdí nìyẹn tí ìjà rẹ̀ kì í fi í parí.

Ṣé iye ife ẹ̀yẹ kò tó láti fi dájọ́ ni?

Kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. UCLA ni ó ní jù, ife 11. Kentucky ní 8. North Carolina àti UConn ní 6 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Duke àti Indiana ní 5. Kansas ní 4. Villanova àti Florida ní 3. Ẹni tí ó bá fi iye yìí nìkan dájọ́ yóò gbé UConn síwájú Duke, yóò sì gbé Indiana síwájú Kansas. Ti UConn ṣeé jiyàn lé lórí. Ti Indiana àti Kansas kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń jókòó sọ.

Ohun tí ó mú kí ife ẹ̀yẹ ṣòro láti gbára lé ni pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbà á kò fàyè sílẹ̀ fún ìkọsẹ̀ kankan. Láti ọdún 1985 tí ìdíje náà ti di ti ẹgbẹ́ 64, tí ó sì wá di 68 ní 2011, ẹni tí yóò gba ife gbọ́dọ̀ borí nínú eré mẹ́fà tẹ̀lératẹ̀léra, ẹni tí wọ́n bá sì nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti di ará ilé nìyẹn. Ní 2018, Virginia ni ìgbìmọ̀ NCAA fi ṣe olórí gbogbo ẹgbẹ́ tí ó wọ ìdíje, ṣùgbọ́n UMBC, ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ ibi tí ó wà, fi 74 sí 54 gbo ewúro sí wọn lójú nínú eré àkọ́kọ́. Títí di ọjọ́ náà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje àwọn ọkùnrin, pé kí ẹgbẹ́ tí wọ́n tò sí ipò kẹrìndínlógún lé ẹgbẹ́ ipò kìíní sílé. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Tony Bennett tí ó jẹ́ kóòṣì wọn kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kan náà padà, wọ́n sì gba ife. Bí a bá ń ka ife nìkan, a ó ní Virginia 2018 kò mọ eré ṣe, a ó sì ní ti 2019 jẹ́ ọ̀gá, nígbà tí ó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ kan péré ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, ó yẹ kí á tún wo iye ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ti sún mọ́ ife. North Carolina ti wọ Final Four, ìyẹn ìpele tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin, ní ìgbà 21, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó tó o. UCLA àti Duke ní 18, Kentucky ní 17. Kansas tí ife rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ ti borí nínú eré tí ó lé ní 2,300 láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Kentucky àti North Carolina. Láti 1990, kò sí ìdíje NCAA kan tí wọ́n ṣe tí Kansas kò sí níbẹ̀. Ẹ wá fi ìyẹn wé San Francisco, tí Bill Russell gba ife fún ní 1955 àti 1956, tàbí Cincinnati tí ó gbà á ní 1961 àti 1962. Ife méjì-méjì ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n lónìí, kò sí ẹni tí ó ń ka èyíkéyìí nínú wọn mọ́ àwọn ọ̀gá.

Òṣùwọ̀n wo wá ni ẹ̀yin fi ń wọ̀n wọ́n?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń kọ́kọ́ bi: kóòṣì mélòó ni ó ti gba ife fún ilé ẹ̀kọ́ yìí? Àwọn àgbà ní baálé ilé kú, ilé di ahoro. Ilé tí ó bá di ahoro lẹ́yìn baálé kan, baálé yẹn ni ọ̀gá, ilé rẹ̀ kọ́.

Bí a bá fi ojú yẹn wò ó, Kentucky ni ó mókè pátápátá. Adolph Rupp gba ife mẹ́rin níbẹ̀, Joe B. Hall gba ọ̀kan ní 1978, Rick Pitino gba ọ̀kan ní 1996, Tubby Smith gba ọ̀kan ní 1998, John Calipari sì gba ọ̀kan ní 2012. Kóòṣì márùn-ún nìyẹn, láti 1948 títí di 2012, ti 1996 àti 1998, tí ọdún méjì péré wà láàárín wọn, sì jẹ́ ti kóòṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. North Carolina ní mẹ́ta: Frank McGuire ní 1957, Dean Smith ní 1982 àti 1993, Roy Williams ní 2005, 2009 àti 2017. Kansas náà ní mẹ́ta: Phog Allen ní 1952, Larry Brown ní 1988, Bill Self ní 2008 àti 2022. Kansas tún ní ohun kan tí ẹlòmíràn kò lè ní láé, nítorí pé James Naismith, ẹni tí ó dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní 1891, ni kóòṣì wọn àkọ́kọ́. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo kóòṣì tí Kansas ti ní, Naismith tí ó dá eré sílẹ̀ nìkan ni iye ìgbà tí wọ́n nà án ju iye ìgbà tí ó borí lọ.

Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ni mo tó máa ń wo bí ife náà ṣe tàn ká ẹ̀wádún sí ẹ̀wádún, àti bóyá ẹgbẹ́ náà ṣì ń yọjú nísinsìnyí.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé UCLA kì í ṣe ọ̀gá ni?

Ibí yìí ni òṣùwọ̀n mi ti kọ́kọ́ rí ìṣòro. John Wooden nìkan ni ó gba mẹ́wàá nínú ife 11 náà, láàárín 1964 sí 1975. Méje nínú wọn tẹ̀ léra wọn láti 1967 dé 1973, wọ́n sì borí nínú eré 88 láìfìdí rẹmi kí Notre Dame tó dá wọn dúró ní oṣù Kìíní ọdún 1974. Láti ìgbà tí Wooden ti fẹ̀yìn tì, ife kan péré ni wọ́n gbà, èyí tí Jim Harrick gbà ní 1995. Ẹni tí ó bá ní UCLA, ilé ẹ̀kọ́ ìlú Los Angeles, ń gbé orí ògo Wooden kò purọ́ pátápátá.

Síbẹ̀, mi ò yọ wọ́n kúrò. Ife mẹ́wàá láàárín ọdún méjìlá wúwo ju kí á fi ọwọ́ kan gbé e sọnù lọ, ilé náà kò sì di ahoro: wọ́n wọ Final Four ní 2006, 2007 àti 2008 léraléra, wọ́n sì tún wọ̀ ọ́ ní 2021 lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìyọ̀ǹda tí ó ṣáájú ìdíje gan-an.

Duke ńkọ́? Ṣebí ọwọ́ ẹnì kan ni gbogbo ife wọn ti wá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Mike Krzyzewski ni ó gba gbogbo márààrún, ní 1991, 1992, 2001, 2010 àti 2015, láàárín ọdún 42 tí ó fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ní 1980, Duke ti wọ Final Four nígbà mẹ́rin, nígbà tí ó sì lọ ní 2022, Jon Scheyer tí ó gba ipò rẹ̀ ti mú wọn padà síbẹ̀ ní 2025. Ọdún mẹ́rìnlélógún sì ni ó wà láàárín ife àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn wọn, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe ìran agbábọ́ọ̀lù kan ni ó gba gbogbo rẹ̀. Mo gbà wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n n kò ní fi wọ́n síwájú Kentucky tàbí North Carolina títí tí kóòṣì mìíràn yóò fi gba tirẹ̀.

Ṣé UConn ti di ọ̀kan nínú wọn?

Ó ti di ọ̀kan, ó sì ti pẹ́ tí ó ti yẹ kí àwọn èèyàn gbà. Láti 1999 sí àsìkò yìí, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba ife tó o: Jim Calhoun gba mẹ́ta ní 1999, 2004 àti 2011, Kevin Ollie gba ọ̀kan ní 2014, Dan Hurley sì gba méjì léra wọn ní 2023 àti 2024. Kóòṣì mẹ́ta, ife mẹ́fà. Nínú eré 12 tí wọ́n ṣe láti gba méjì tí ó kẹ́yìn yẹn, kò sí èyí tí ẹni tí wọ́n nà sún mọ́ wọn ju àmì mẹ́wàá lọ. Èyí kò rí bíi ti ẹgbẹ́ tí oríire gbé dé ibẹ̀. Emeka Okafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí i sí ìlú Houston, ni agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní Final Four 2004.

Àwọn tí kò fẹ́ gbà ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ilé ọlọ́lá kì í ṣubú tó bí UConn ṣe máa ń ṣubú láàárín ife kan sí èkejì. Òótọ́ ni pé NCAA kò jẹ́ kí wọ́n kópa ní 2013 nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn kò ṣe dáadáa tó nínú ẹ̀kọ́ wọn, òótọ́ sì ni pé lẹ́yìn ife 2014 wọ́n lo ọdún mélòó kan tí apá wọn kò ká ohunkóhun. Ṣùgbọ́n Kentucky náà ti jẹ̀bi lọ́dọ̀ NCAA rí, North Carolina pàápàá ti ní sáà tí ìyà jẹ wọ́n. Kò yẹ kí á máa fi òfin àlejò de ẹni tí ó ti kọ́ ilé sí àdúgbò.

Indiana ńkọ́?

Ife wọn márùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti 1987, wọn kò sì tíì padà wọ Final Four láti 2002. Ẹgbẹ́ wọn ti 1976 borí nínú gbogbo eré 32 tí wọ́n ṣe, kò sì sí ẹgbẹ́ ọkùnrin mìíràn tí ó gba ife láìfìdí rẹmi láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n tún dìde dáadáa ní 2013, tí Victor Oladipo wà lára wọn, Syracuse ni ó dá wọn dúró kí wọ́n tó jìnnà. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n jẹ́ rí. Lójú tèmi, wọn kò sí lára àwọn ọ̀gá mọ́.

Ṣé ife tí wọ́n gbà ní ayé àtijọ́ wúwo tó ti òde òní?

Kò wúwo tó, ìdí méjì sì ni mo rí. Èkíní ni pé ìdíje náà kéré. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí Oregon gba ife àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ni ó kópa, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ka ìdíje NIT ti New York, tí ó fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀, sí ohun tí ó níyì jù. Ní 1950, City College of New York gba méjèèjì ní ọdún kan ṣoṣo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àṣírí tú pé àwọn kan lára agbábọ́ọ̀lù wọn gba owó lọ́wọ́ àwọn atatẹ́tẹ́.

Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn tí ń ka ife kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ bá. Ní àkókò tí Rupp ń gba ife mẹ́rin rẹ̀ láàárín 1948 àti 1958, kò sí agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kankan ní Kentucky, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ní gúúsù Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n láyè. John McLendon kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Naismith ní Kansas, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó di kóòṣì ní Tennessee A&I, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó gba ife NAIA, àjọ mìíràn tí ó yàtọ̀ sí NCAA, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn ní 1957, 1958 àti 1959. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ yẹn lè pàdé àwọn ọ̀gá NCAA ìgbà náà lórí pápá kan náà. Ohun tí a mọ̀ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1966, nígbà tí Texas Western fi aláwọ̀ dúdú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá, tí wọ́n sì fi 72 sí 65 na Kentucky ti Rupp. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ka ife Kentucky, èyí tí wọ́n gbà láti 1978 síwájú ni mo máa ń fi ọkàn tán jù, mẹ́rin náà sì ni.

Àtẹ AP, NET àti KenPom ńkọ́? Ṣé wọn kò lè parí ìjà náà?

Ọdún kan ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Àtẹ AP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1949, jẹ́ ìbò àwọn akọ̀ròyìn tí oníkálukú wọn ń to ẹgbẹ́ 25 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. NET, àtẹ ìṣirò ti NCAA fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, RPI, láti sáà 2018 sí 2019. Ìgbìmọ̀ tí ń yan ẹgbẹ́ máa ń fi wo irú ẹni tí ẹgbẹ́ kan nà àti ibi tí ó ti nà án, nítorí pé kí á na ẹgbẹ́ tí ó wà ní ipò 60 nílé rẹ̀ ṣòro ju kí á nà án nílé tiwa lọ. KenPom ní tirẹ̀ ń ṣírò àmì tí ẹgbẹ́ kan ń jẹ àti èyí tí wọ́n ń jẹ lórí rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà ni ó máa fi agbára àwọn alátakò tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ó lágbára ní ọdún yìí, KenPom ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìbò àwọn akọ̀ròyìn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, torí pé orúkọ ńlá máa ń dí wọn lójú. Kí sáà 2022 sí 2023 tó bẹ̀rẹ̀, North Carolina ni wọ́n fi sí ipò kìíní. Nígbà tí sáà parí, wọn kò tilẹ̀ pè wọ́n sí ìdíje NCAA. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àtẹ náà nìkan ni ẹ̀rí tí ó kù. Ní 2020, Kansas ti borí nínú eré 28, wọ́n sì ti fìdí rẹmi nínú mẹ́ta, Udoka Azubuike ọmọ Nàìjíríà sì dúró bí òkè lábẹ́ àwọ̀n. Ipò kìíní ni wọ́n wà nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n fagi lé ìdíje. Kò sí ife kankan nínú ìwé fún ọdún yẹn.

Ṣé ẹgbẹ́ tí kò gba ife rí lè jẹ́ ọ̀gá?

Ìbéèrè yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, torí pé ọ̀rọ̀ Yunifásítì Houston ni. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tí ó ti ṣe gólì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí, dé sí Houston ní 1980, ó sì mú wọn wọ Final Four ní 1982, 1983 àti 1984. Ní 1982, North Carolina ni ó dá wọn dúró. Ní 1984, Georgetown nà wọ́n nínú àṣekágbá. Ti 1983 ni ó dunni jù: àmì dọ́gba ní 52 sí 52, Dereck Whittenburg ti NC State sì ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bọ́ọ̀lù náà kò dé àwọ̀n, ṣùgbọ́n Lorenzo Charles mú un lófuurufú ó sì kì í bọ àwọ̀n bí aago ṣe ń dún. Olajuwon ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní Final Four ọdún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n nà.

Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn náà, ní San Antonio, ó tún ṣẹlẹ̀. Houston ti fi àmì 12 ṣíwájú Florida nínú ìdajì kejì àṣekágbá 2025, àmọ́ Florida lé wọn bá, wọ́n sì kọjá wọn, 65 sí 63. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Houston. Emanuel Sharp fò sókè láti jù ú, Walter Clayton Jr. sáré wá bá a pẹ̀lú ọwọ́ lókè, Sharp rí i pé yóò gbá a dànù, ni ó bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Òfin kò gbà á láyè láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dúró tì í, bọ́ọ̀lù ń ta lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, títí Alex Condon ti Florida fi dà lé e lórí tí àkókò sì tán. Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wà lára àwọn tí ó gbé ife lọ sí Florida lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Houston ti wọ Final Four ní ìgbà méje láìgba ife rí. Gonzaga, ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní ìlú Spokane, kò sí ìdíje NCAA kan tí kò kópa nínú rẹ̀ láti 1999, ó sì ti dé àṣekágbá ní 2017 àti 2021, òun náà kò gba ife. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá àsìkò yìí ni ẹ ń wá, mo ka àwọn méjèèjì mọ́ ọn láìjanpata. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá àtayébáyé, ó di ìgbà tí wọ́n bá gba ọ̀kan. Mo mọ̀ pé àwọn ará Houston tí wọ́n bá ka èyí kò ní bá mi ṣeré.

Ife tí NCAA gbà padà ńkọ́, ṣé à ń kà á?

Ní 2018, NCAA gba ife 2013 kúrò lọ́wọ́ Louisville. Wọ́n ti pa Final Four 2018 rẹ́ nínú ìtàn Kansas, ti 2008 nínú ìtàn Memphis, àti ti 1992 àti 1993 nínú ìtàn Michigan. N kò ka ohun tí wọ́n ti gbà padà, kí ìṣirò má baà dàrú, ṣùgbọ́n ojú wa ni ó ṣe, kò sì sí ìwé ìdájọ́ tí ó lè mú kí ẹni tí ó wo eré náà gbàgbé ẹni tí ó borí.

Ṣé àwọn kan náà ni ọ̀gá lọ́dọ̀ àwọn obìnrin?

Rárá o. UConn nìkan ni ó jẹ́ ọ̀gá ní ìhà méjèèjì. Geno Auriemma, tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1985, ti gba ife 12, ìkejìlá rẹ̀ sì ni ti 2025. Láàárín 2014 sí 2017, wọ́n borí nínú eré 111 láìdúró kí Mississippi State tó nà wọ́n. Tennessee ní 8, Pat Summitt ni ó sì gba gbogbo rẹ̀. South Carolina ti Dawn Staley ní 3, ẹgbẹ́ wọn ti 2024 borí nínú gbogbo eré 38. Stanford, níbi tí àwọn ọmọ ìyá méjì Nneka àti Chiney Ogwumike ti gbá bọ́ọ̀lù, náà ní 3.

Tennessee ni ẹ̀rí tí ó yè kooro jù lọ fún ohun tí mo sọ nípa baálé àti ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ife 2008, wọn kò tíì wọ Final Four mọ́, Summitt sì fẹ̀yìn tì ní 2012. UConn kò tíì dojú kọ ìdánwò yẹn, torí pé Auriemma ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé owó kò ní yí gbogbo èyí padà?

Ó ti ń yí i padà. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn, láti 2025 sì ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti lè sanwó fún wọn, tí àpapọ̀ rẹ̀ fún gbogbo eré ìdárayá lè tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ogún dọ́là lé díẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Òfin ìṣípòpadà náà ti dẹ̀. Ẹ wo Florida tí ó gba ife 2025: Clayton ti gbá bọ́ọ̀lù fún Iona kí ó tó dé, Alijah Martin ti Florida Atlantic wá, Will Richard ti Belmont wá, Chinyelu sì ti Washington State wá. Nígbà kan, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ì bá parí ẹ̀kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé kéékèèké ì bá sì máa fi wọ́n dẹ́rù ba àwọn ńlá ní oṣù Kẹta. Ẹ̀rù tí ó ń bà mí ni pé orúkọ àtayébáyé kò ní já mọ́ nǹkan tó bí àpò owó ṣe já mọ́ ọn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní orúkọ àtayébáyé náà ni wọ́n sábà máa ń ní àpò tí ó kún.

Ẹ kúkú to orúkọ wọn fún wa.

Kentucky, North Carolina, Kansas, UConn, Duke, UCLA. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ ipò Kansas àti UConn, n kò ní bá a jà.

Ọmọ wa tí ó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ṣé dandan ni kí ó lọ sí ọ̀kan nínú wọn?

Kì í ṣe dandan, ó sì lè má jẹ́ ohun tí ó dára jù fún un, torí pé ní Kentucky tàbí Duke, ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni yóò máa bá du ipò. Bam Adebayo rí ọ̀nà tirẹ̀ gba Kentucky kọjá láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Michael Olowokandi, tí wọ́n bí ní Èkó tí ó sì dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sí University of the Pacific ní California, ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn àtẹ tí a ti ń sọ láti òkè wá. Òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù ní 1998. Ohun tí ó yẹ kí òbí béèrè lọ́wọ́ kóòṣì tí ó bá wá sílé ni iye ìṣẹ́jú tí ọmọ náà yóò fi wà lórí pápá ní ọdún àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń ṣe ipò rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ bí kóòṣì náà bá gba iṣẹ́ síbòmíràn.